ÀLÙFÁÀ NÍNÚ ÌLÚ OGUN: ÀYẸ̀WÒ ÀWỌN ÌWÉ TÍ Ó SỌ̀RỌ̀ LÓRÍ ÀWỌN MÍṢỌ́NNÁRÌ ÀTI ÀWỌN ÀGBÀ ẸLẸ́SÌN ÌBÍLẸ̀ NÍ ABẸ́ÒKÚTA, 1846–1867

1. Ìfáárà

Nínú àwọn ìwé tí ó dá lórí ìtàn Abẹ́òkúta ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibi méjì ni òǹkàwé ti máa ń bá àwọn àlùfáà míṣọ́nnárì pàdé. Ibi kìíní ni ilé ìjọsìn àti ilé-ìwé, níbi tí wọ́n ti ń wàásù, tí wọ́n ń kọ́ni ní ìwé kíkà, tí wọ́n sì ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ibi kejì ni ẹ̀gbẹ́ odi ìlú àti ààfin àwọn olórí ogun, níbi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà fún ìlú, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí ọta ìbọn bà. Iṣẹ́ ti ibi kìíní ni àwọn onímọ̀ ti tú palẹ̀ jù. Iṣẹ́ ti ibi kejì ni wọ́n sábà máa ń kà sí ohun tí ó ṣèèṣì bá àlùfáà lójú ọ̀nà. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ kejì yìí gan-an ni àwọn àgbà ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ Abẹ́òkúta fi ń wọn àlùfáà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò fi ojú bẹ́ẹ̀ wò ó, ìtumọ̀ tí wọ́n fún inúnibíni ọdún 1849, ogun ọdún 1851 àti Ìfọ́lé ọdún 1867 kò so mọ́ ara wọn bí ó ti yẹ.

Ọ̀rọ̀ kan gba àlàyé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ọmọ-ogun, ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, ni àlùfáà tí ìjọba gbà sínú iṣẹ́ ológun, tí ó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ-ogun lọ sí ojú ìjà, ṣùgbọ́n tí kì í gbé ohun ìjà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1796 ni wọ́n dá ẹ̀ka àwọn àlùfáà sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1864, àdéhùn Geneva àkọ́kọ́ ka irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí a kò gbọdọ̀ kà sí ọ̀tá lójú ìjà. Oṣù márùn-ún péré ṣáájú àdéhùn náà, ní oṣù Kẹta ọdún 1864 kan náà, ni àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kejì, tí àwọn míṣọ́nnárì sì wà nínú odi pẹ̀lú àwọn ará ìlú. Kò sí ọba tàbí ìjọba tí ó fi wọ́n joyè àlùfáà ọmọ-ogun, kò sì sí ọ̀gá ogun tí ó ń sanwó fún wọn. Bí a bá wo oyè, ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn mu. Bí a bá wo iṣẹ́, iṣẹ́ tí irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe, pàápàá iṣẹ́ kan tí àwọn ìwé ìlànà ológun Amẹ́ríkà wá tẹnu mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, nígbà ogun Ìráàkì àti ti Afghanistan: kí àlùfáà jẹ́ alárinà láàárín àwọn ológun àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ìlú tí àwọn ológun náà bá wà. Ìlànà kan náà kìlọ̀ pé àlùfáà kò gbọdọ̀ di amí.

Láti inú àlàyé yìí ni a ti lè fa òṣùwọ̀n mẹ́ta yọ, tí a ó fi yẹ àwọn ìwé náà wò. Èkíní: ta ni àwọn àgbà ẹlẹ́sìn gbà pé ó rán àlùfáà? Èkejì: kí ni àlùfáà ń gbé jáde nínú ìlú, yálà nínú lẹ́tà ni tàbí nínú ìwé ìròyìn? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ àlùfáà, àti òǹkọ̀wé tí ó kọ nípa rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, tàbí wọ́n kàn gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣèlú tàbí ti ìbọ̀rìṣà lásán?

2. Ẹbọ Gẹ́gẹ́ Bí Owó Odi

Ogun ni ó bí Abẹ́òkúta. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá kóra jọ sábẹ́ àpáta Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ olórí wọn. Àwọn ará Òwu wá dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Àwọn ìlú tí ó kóra jọ wọ̀nyí kò pa orúkọ wọn rẹ́. Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu, pẹ̀lú àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà lábẹ́ wọn, di àwọn Ògbóni wọn àti àwọn Ológun wọn mú. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni ìbẹ̀rù ọ̀tá kan náà àti ààbò àpáta kan náà.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò rọrùn láti ya ọ̀rọ̀ ààbò sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìsìn. Olúmọ jẹ́ ibi ìsápamọ́sí, ó sì jẹ́ ohun tí a ń bọ. Ẹnu babaláwo ni olórí ogun ti ń gbọ́ bóyá ọ̀nà là tàbí kò là. Orò ni ó ń jáde nígbà tí ìlú bá fẹ́ lé ibi lọ tàbí nígbà tí ìdájọ́ tí ó lágbára bá délẹ̀. Ẹbọ tí Ifá bá yàn fún ìlú kì í ṣe ti ẹnìkan, gbogbo ilé ni ó ń dá sí i. Lójú àwọn Ògbóni, ẹni tí ó kọ̀ láti dá sí ẹbọ ìlú kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń po amọ̀ odi. Òye yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ti fi hàn lọ, òun sì ni ìpìlẹ̀ àríyànjiyàn bébà yìí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti débẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1842. Ṣódẹkẹ́ gba àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọ̀yàyà. Nígbà tí Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Ṣódẹkẹ́ ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Okukẹnu tí ń jẹ́ oyè Ṣàgbùà, tí a wá fi jẹ Aláké ní ọdún 1854, àti Ògúnbọ̀nà, Balógun Ìkìjà, ni wọ́n bá ṣe. Kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò pé àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní wọ̀nyí jẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ogun àti ti ìlú wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn míṣọ́nnárì wá agbátẹrù láàárín àwọn Ológun àti àwọn olóyè, wọ́n sì rí i. Àwọn babaláwo àti àwọn abọrẹ̀ ni wọ́n kà sí ẹni tí ìwàásù yóò borí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1849, àwọn Ògbóni ní àwọn àdúgbò kan mú àwọn tí ó gba ìgbàgbọ́, wọ́n dè wọ́n, wọ́n sì nà wọ́n. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn òǹkọ̀wé gbà túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìròyìn tí àwọn míṣọ́nnárì fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìjà òkùnkùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ni. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yani lẹ́nu, nítorí àwọn tí ń dáwó fún iṣẹ́ ìhìnrere ni a kọ ọ́ sí. Nínú iṣẹ́ àwọn òpìtàn tí ó wá lẹ́yìn, bí J. F. Ade Ajayi nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì tí ó jáde ní 1965, a fi ìfẹ́ àwọn tí ẹ̀sìn titun ń gba ipò àti èrè lọ́wọ́ wọn kún àlàyé náà. Nínú ìwé Saburi Biobaku, ọmọ Ìgbórè, lórí Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn (1957), ọ̀rọ̀ àṣẹ ìjọba ni ó borí. Biobaku kan náà ni ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi Ògbóni wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Àfiwé yẹn wúlò, nítorí ó gba Ògbóni kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ń pè é ní ẹgbẹ́ awo burúkú. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó fi pamọ́. Aṣòfin àgbà ní ilẹ̀ Òyìnbó kì í bọ Ilẹ̀. Bí a bá fi àfiwé náà ka ọ̀rọ̀ 1849, a ó rí ìjọba tí ń bá àwọn aláìgbọràn wí, a kò sì ní rí àwọn àgbà ẹlẹ́sìn tí ń bẹ̀rù pé odi kan tí ojú kò rí ti ń ya.

Òye owó odi fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ kẹrin, tí ó gba àwọn mẹ́ta ìṣáájú mọ́ra láìpa wọ́n rẹ́. Àwọn onígbàgbọ́ kọ̀ láti dá sí ẹbọ, wọ́n kọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún Orò, wọ́n sì fẹ́ sin òkú wọn láìsí ètùtù. Ní ìlú tí ọ̀tá lè dé nígbàkigbà, ohun tí àwọn Ògbóni rí ni àwọn ènìyàn tí ń gbé inú odi láìsan owó odi.

3. Ọjọ́ Tí A San Gbèsè Náà

Òye yìí ni ó jẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn náà yé ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1851, kọ́ńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Beecroft, wá sí Abẹ́òkúta. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Gezo, ọba Dàhòmì, ní ọdún tí ó ṣáájú, ó sì mọ̀ pé ọba náà ti ń gbèrò láti kọlu ìlú yìí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851 ni ogun náà dé, tí àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Ìṣàgà, tí wọ́n ṣe bí ẹni pé ti Dàhòmì ni wọ́n ń ṣe, fún wọn ní ìmọ̀ràn tí ó mú wọn wá lójú ọ̀sán sí ibi tí odi ti le. Ẹ̀gbá ṣẹ́gun. Àwọn onígbàgbọ́ tí a nà ní 1849 wà lára àwọn tí ó gbé ìbọn lọ sí odi lọ́jọ́ náà. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 1862, Dàhòmì padà wá pa Ìṣàgà run.

Ẹlẹ́rìí méjì tí ó kọ̀wé nípa ogun náà yẹ fún àfiwé. Crowther, àlùfáà tí ogun ti mú lẹ́rú rí nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, fi ojú ẹni tí ó mọ ohun tí ìṣubú ìlú túmọ̀ sí wò ó. Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti jẹ́ ọmọ-ogun kí ó tó di oníwàásù. Ó ti bá àwọn ẹ̀yà Creek jà, ó sì ti jagun ní Texas. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1857 ní ojú ajagun nínú: ó ń wo bí a ti pín àwọn ènìyàn sí odi, ó ń wo bí ọ̀tá ti rìn. Nínú gbogbo àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà, òun ni ó súnmọ́ àlùfáà ọmọ-ogun jù lọ ní ìrírí. Síbẹ̀, nínú ohun kan, Bowen àti Crowther bára mu. Àwọn méjèèjì rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú ìṣẹ́gun náà. Kò sí èyí tí ó gbà pé ẹbọ tí a rú ní Olúmọ tàbí ọ̀rọ̀ tí babaláwo sọ fún àwọn Ológun jẹ́ apá kan ìtàn ọjọ́ náà tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn ogun náà, ọkàn àwọn ará ìlú rọ̀ sí àwọn onígbàgbọ́. Àlàyé tí a sábà ń rí ni pé ìkìlọ̀ kọ́ńsù àti ìrànlọ́wọ́ àwọn Òyìnbó ni ó fa èyí. Àlàyé náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ìkìlọ̀ lè mú kí ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Kò lè mú kí Ògbóni gba ọmọ ìlú tí ó ti kọ ẹbọ padà. Ohun tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onígbàgbọ́ fi sílẹ̀ lẹ́bàá odi. Wọ́n san owó odi ní ọ̀nà mìíràn, àwọn àgbà ẹlẹ́sìn sì gba owó náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún ohun tí kì bá ti ṣeé ṣe ní 1849, pé kí àwọn onígbàgbọ́ ní balógun tiwọn nínú ètò ogun Ẹ̀gbá. John Okenla ni ó di ẹni mímọ̀ jù nínú ipò yìí. Oyè balógun onígbàgbọ́ ni èsì tí Abẹ́òkúta fún ìbéèrè tí àwọn ìwé ìlànà ológun òde òní ṣì ń bi ara wọn: báwo ni ìlú tí ó ní ẹ̀sìn púpọ̀ yóò ṣe jà gẹ́gẹ́ bí ìlú kan? Èsì náà kò ti ọwọ́ àlùfáà wá. Àwọn àgbà ìlú ni ó rí i.

4. Nígbà Tí Àlùfáà Wọ Aṣọ Ìlú

Nípa òṣùwọ̀n kejì, ohun tí àlùfáà ń gbé jáde, Townsend ni ẹni tí ó yẹ kí a wò jù. Òun ni ó ń bá àwọn olóyè kọ lẹ́tà. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ṣàgbùà àti àwọn ìjòyè fi dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria ní 1848. Èsì dé ní 1849 pẹ̀lú Bíbélì méjì, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní èdè Lárúbáwá, àti ọlọ irin tí a fi ń lọ àgbàdo. Ẹ̀bùn wọ̀nyí ti di ohun tí gbogbo òpìtàn ń tọ́ka sí. Bíbélì èdè Lárúbáwá náà fi hàn pé àwọn tí ó kó ẹ̀bùn náà jọ rántí àwọn Mùsùlùmí. Nínú gbogbo ẹ̀bùn náà, kò sí èyí tí ó dá lórí àwọn babaláwo tàbí Ògbóni gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́sìn. Ìwé ni a fi ń bá ẹlẹ́sìn sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò sí nínú ìwé ni a fi ọlọ kí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. A ti yin ìwé ìròyìn yìí gan-an fún ohun tí ó ṣe fún kíkọ èdè Yorùbá, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ogun Ìjàyè fi dé ní 1860. Ìbàdàn dó ti Kúrunmí ní Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́ lábẹ́ Ṣómóyè. Ìwé Ìròhìn gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Ní Ìbàdàn, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ìyàn nítorí ọ̀nà tí a dí, ọkàn wọn sì wà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ní Ìjàyè, Adolphus Mann ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Nígbà tí Ìjàyè ṣubú ní oṣù Kẹta ọdún 1862, wọ́n mú Edward Roper lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo wọn ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan náà rán wá láti Lọ́ńdọ̀nù.

Òpìtàn tí ó bá fẹ́ dá àwọn míṣọ́nnárì lẹ́bi yóò sọ pé wọ́n da ìhìnrere pọ̀ mọ́ ogun. Ìdájọ́ yìí yá jù. Àlùfáà tí ó bá àwọn ènìyàn kan jẹun, tí ó sin òkú wọn, kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n nígbà tí ọ̀tá bá dé. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bèèrè ni ojú tí àwọn àgbà ẹlẹ́sìn ìlú fi wo ìdúró bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ìdúró Townsend láàárín 1860 sí 1862 kò bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ó ṣe ohun tí àlejò rere ń ṣe. Ìṣòro wà nínú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó lákòókò kan náà.

Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí ilẹ̀ Yorùbá parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, dàgbà nínú ilé Hinderer ní Ìbàdàn ní àkókò ogun yìí. Ẹni tí ó bá ka ohun tí ó kọ nípa àwọn Ẹ̀gbá gbọdọ̀ rántí ibi tí ebi ti pa á nígbà èwe rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé Ìròhìn sọ ti Ẹ̀gbá, Johnson sọ ti Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Àlùfáà ni ó wà nídìí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní orísun ìtàn ogun wọ̀nyí ni ó ti inú ibùdó kan tàbí èkejì jáde.

5. Ìfọ́lé àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè àkọ́kọ́, ta ni ó rán àlùfáà, ti ní èsì tuntun lójú àwọn àgbà Abẹ́òkúta. Títí di ìgbà náà, Òyìnbó tí ó wà nítòsí jẹ́ olùrànlọ́wọ́ lòdì sí Dàhòmì. Nísinsìnyí ó di aládùúgbò tí ó ní ààlà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover rán àwọn ọmọ-ogun láti Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 1865, wọ́n sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. Ní ọdún kan náà ni G. W. Johnson, Sàró kan, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti fi ìjọba ìlú sí ọ̀nà tí Èkó yóò fi bọ̀wọ̀ fún un. Glover tún fi àwọn ọlọ́pàá sí ojú ọ̀nà tí Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, àwọn ará ìlú kọlu ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́. Àwọn Òyìnbó fi ìlú sílẹ̀, Ìwé Ìròhìn sì dópin. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọ̀rọ̀ náà.

E. A. Ayandele, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1966, rí àwọn míṣọ́nnárì gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó la ọ̀nà fún agbára ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lójú irú ìwòye bẹ́ẹ̀, Ìfọ́lé jẹ́ ìjà fún òmìnira, ẹ̀rí náà sì pọ̀. Àwọn ìròyìn míṣọ́nnárì ní tiwọn tún padà sí ìtumọ̀ 1849, pé ìbọ̀rìṣà ni ó dìde sí ẹ̀sìn òtítọ́. Òtítọ́ kan wà tí kò jẹ́ kí ìtumọ̀ kejì yìí dúró: ẹ̀sìn Kristi kò kúrò ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn tí ìrúkèrúdò rọlẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ ń jọ́sìn lábẹ́ àwọn àlùfáà tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, balógun wọn sì wà nínú ètò ogun ìlú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn ni a lé, ẹ̀sìn ì bá ti lọ.

Ṣùgbọ́n ìwòye Ayandele náà fi ohun kan sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ìṣèlú nìkan, kí ni ó dé tí a kọlu ilé ìjọsìn, tí kì í ṣe ilé ọjà àwọn oníṣòwò nìkan? Ìdáhùn tí òye owó odi fún ni ni pé àwọn àgbà ìlú rí àlùfáà Òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó di ipò ààbò mú nínú odi. Lẹ́tà rẹ̀ àti ìwé ìròyìn rẹ̀ jẹ́ ihò lára odi, tí ọ̀rọ̀ inú ìlú ń gbà jáde. Nígbà tí ihò náà kọjú sí Dàhòmì àti sí Ìbàdàn, ó ṣe ìlú láǹfààní. Nígbà tí ó kọjú sí Èkó, ó di ewu. Àwọn àgbà yìí kò ní ìwé ìlànà tí ó sọ pé àlùfáà kò gbọdọ̀ di amí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ya àlùfáà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára àlùfáà tí wọ́n gbà pé ìjọba mìíràn ni ó rán an. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣi Townsend jẹ, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí gómìnà Èkó ṣe ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti fi ẹ̀jẹ̀ mọ odi kì í dúró yanjú irú iyèméjì bẹ́ẹ̀.

J. D. Y. Peel, nínú ìwé rẹ̀ lórí bí ẹ̀sìn ti pàdé ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Yorùbá (2000), ni ó súnmọ́ ibi tí bébà yìí dúró sí jù. Ó lo àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn àlùfáà àti olùkọ́ni tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ àwọn babaláwo tí ń jiyàn, tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń béèrè ọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe pé àwọn àgbà ẹlẹ́sìn dákẹ́; àwọn tí ó ka àkọsílẹ̀ náà ṣáájú ni kò tẹ́tí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn babaláwo sọ nínú ilé, lọ́jọ́ àlàáfíà, ni ó pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn Ológun ní òru ọjọ́ tí ogun ku ọ̀la kò sí níbẹ̀, nítorí àlùfáà kò sí lára àwọn tí a pè.

6. Kíríjì: Àfiwé Kan

Àfiwé kan láti òde ilẹ̀ Ẹ̀gbá yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ hàn. Ní 1886, nígbà tí Gómìnà Moloney fẹ́ parí ogun Kíríjì, àlùfáà ọmọ Yorùbá méjì ni ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí àwọn ibùdó: Samuel Johnson sí ìhà Ìbàdàn, Charles Phillips láti Oǹdó sí ìhà Èkìtìparapọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a tú àwọn ibùdó náà ká. Àwọn méjèèjì gbé lẹ́tà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ohun tí a fi ba Townsend jẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìhà kọ̀ọ̀kan ní àlùfáà tí ó mọ ilé rẹ̀, lẹ́tà tí ó sì wọlé ní ìhà kan kì í ṣe àṣírí fún ìhà kejì. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí àwọn àgbà ń kọ̀ kì í ṣe pé kí àlùfáà jẹ́ alárinà. Wọ́n ń kọ alárinà tí ìhà kan ṣoṣo mọ ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá kó àwọn ohun tí a ti yẹ̀ wò jọ, a ó rí i pé 1849, 1851 àti 1867 jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú àríyànjiyàn kan ṣoṣo tí àwọn àgbà ẹlẹ́sìn Abẹ́òkúta ń bá àlùfáà ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè owó odi lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Nígbà tí a san án, wọ́n fún àwọn onígbàgbọ́ ní ipò nínú ogun ìlú. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé àlùfáà fúnra rẹ̀ ti di ẹnu ọ̀nà fún agbára mìíràn, wọ́n ti ẹnu ọ̀nà náà. Àwọn ìwé tí ó rí Ògbóni gẹ́gẹ́ bí ìjọba nìkan, àti àwọn tí ó rí wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìhìnrere nìkan, kò lè rí i pé ọwọ́ kan náà ni ó ṣe ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Iṣẹ́ ológun Nàìjíríà ní ẹ̀ka fún àwọn àlùfáà Pùròtẹ́sítáǹtì, fún àwọn ti Kátólíìkì àti fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àwọn ọmọ-ogun sì wà ní bárékè Àlámàlá ní Abẹ́òkúta títí di òní. Kò sí ẹ̀ka kankan fún ẹ̀sìn ìṣẹ̀ṣe. Nítorí náà, nígbà tí àlùfáà tàbí imáàmù ológun bá fẹ́ bá àwọn àgbà ìlú sọ̀rọ̀, yóò rọrùn fún un láti wá bíṣọ́ọ̀bù àti lèmọ́mù, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ wà nínú ìwé. Olúwo àti Apènà ni yóò kí gẹ́gẹ́ bí olóyè ìbílẹ̀, bí ìgbà tí a fi ọlọ ránṣẹ́ ní 1849. Ìtàn Abẹ́òkúta kìlọ̀ pé àwọn tí a fi sí ẹ̀yìn nínú irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àwọn tí ìlú ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nígbà tí ewu bá dé.

Iṣẹ́ ṣì kù fún àwọn olùwádìí. Ilé Ògbóni ní àwọn ìlú Ẹ̀gbá, àwọn tí ń bójú tó ìbọ Olúmọ, àti ìdílé àwọn babaláwo tí àwọn baba wọn sin àwọn Ológun ní ìtàn tí a kò tíì gbà sílẹ̀ tó. Oríkì àwọn balógun náà ń dárúkọ ogun wọ̀nyí. Títí di ìgbà tí a bá fi ohùn wọn ti ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà Townsend, ìwé Bowen àti ìtàn Johnson, ẹjọ́ tí a ń dá lórí àlùfáà inú ìlú ogun yóò ṣì jẹ́ ẹjọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu olùpẹ̀jọ́ nìkan.